Àwọn tó ń ka àwòrán àyà: Ta ni wọ́n, kí ni ìròyìn tó ń jáde lọ́dọ̀ wọn, ìgbà wo sì ni ètò wọn máa ń wáyé lọ́dún?

Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ lọ ya àwòrán àyà, kì í pẹ́ rárá. Ẹ ó dúró ti pátákó kan, wọ́n á ní kẹ́ ẹ fa èémí sínú, kẹ́ ẹ má mí, ó parí. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan tẹ́ ẹ lè má fojú rí láéláé ló máa jókòó ti àwòrán yẹn, òun ló máa sọ bóyá ikọ́ ife ni, bóyá òtútù àyà ni, bóyá jẹjẹrẹ ni, tàbí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn èèyàn yìí ní ẹgbẹ́ tiwọn káàkiri àgbáyé. Wọ́n ń ṣèpàdé, wọ́n ń gbé ìlànà jáde, wọ́n sì ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀yin olùgbọ́ wa máa ń gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, àwọn kan sì máa ń béèrè pé kí ló kàn wá níbẹ̀. Ó kàn wá o. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò lé lórí nípàdé wọn ló ń pinnu ohun tí dókítà máa ṣe sí kókó tó bá rí nínú ẹ̀dọ̀fóró yín. Ìdí nìyẹn tá a fi kó gbogbo rẹ̀ jọ síbí, kẹ́ ẹ lè máa padà wá wò ó.

Ta ló ń ya á, ta ló ń kà á?

Ẹ jẹ́ ká to ọ̀rọ̀ yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, torí ibẹ̀ ló ti máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú.

Ẹni tó gbà yín nínú yàrá X-ray, tó ní kẹ́ ẹ bọ́ ṣéènì ọrùn yín, tó ní kẹ́ ẹ gbé àgbọ̀n sókè, radiographer ni. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé kí àwòrán náà mọ́ kedere, kí ìtànṣán tó máa kọjá lára yín má sì ju èyí tó yẹ lọ. Ní Nàìjíríà, àjọ Radiographers Registration Board of Nigeria ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń mójú tó iṣẹ́ wọn. Òfin ọdún 1987 ló dá àjọ yẹn sílẹ̀.

Ẹni tó ń ka àwòrán náà ni wọ́n ń pè ní radiologist. Dókítà ni. Ó ti kọ́kọ́ kàwé ìṣègùn òyìnbó jáde, kó tó tún padà lọ fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ara. National Postgraduate Medical College of Nigeria àti West African College of Surgeons wà lára àwọn tó ń ṣe ìdánwò fún wọn lápá ọ̀dọ̀ wa níbí. Nínú àwọn dókítà yìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àyà nìkan ni wọ́n gbájú mọ́: ẹ̀dọ̀fóró, ọkàn, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ ńláńlá àti egungun ìhà. Àwọn gan-an la ń sọ̀rọ̀ wọn lónìí.

Ẹnì kẹta ni dókítà tó ní kẹ́ ẹ lọ ya àwòrán. Bí èsì tí radiologist kọ kò bá dé ọwọ́ ẹ̀, iṣẹ́ àwọn méjì àkọ́kọ́ ti já sófo. Ẹ̀ ń rí i pé àwọn kan á gba fíìmù, wọ́n á gbé e lọ sílé, ó di abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fíìmù tẹ́nì kan ò kà dà bíi lẹ́tà tẹ́nì kan ò ṣí ni.

Bí iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895 ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Wilhelm Conrad Röntgen, ṣàkíyèsí ìtànṣán àjèjì kan nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ nílùú Würzburg. Kò mọ irú èyí tó jẹ́, ló bá fún un ní orúkọ X, bí àwọn oníṣirò ṣe máa ń pe ohun tí wọn ò tíì mọ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, ó ti fi ya àwòrán egungun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọdún 1901 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ físíìsì. Kò gba ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí rẹ̀, tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ló lè lò ó.

Àyà wà lára ibi tí ìmọ̀ yìí ti kọ́kọ́ wúlò jù, ẹ sì lè rí ìdí ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ìtànṣán sì ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá wẹ́rẹ́, ìyẹn ló fi máa ń dúdú nínú àwòrán. Egungun ń dá ìtànṣán dúró, ìyẹn ló fi máa ń funfun. Bí omi tàbí ọyún bá wá gba ibi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, ibẹ̀ á funfun níbi tí kò ti yẹ kó funfun. Òjìji yẹn ni radiologist ń wá.

Lọ́dún 1936, dókítà ọmọ Brazil kan, Manuel de Abreu, wá ọgbọ́n kan dá nílùú Rio de Janeiro. Ó ń ya àwòrán àyà sórí fíìmù kékeré tí owó rẹ̀ kò wọ́n, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè tò sórí ìlà, kí wọ́n ya wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti fi wá ikọ́ ife. Ọ̀nà náà tàn káàkiri ayé. Nígbà tó di ọdún 1974, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀ràn àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí wọ́n dáwọ́ irú àyẹ̀wò olópòó èèyàn bẹ́ẹ̀ dúró, pé owó tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀ ju àǹfààní ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ ti yí padà báyìí.

Ẹ̀rọ CT dé ní ọdún 1971. Ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún aláìsàn nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Godfrey Hounsfield tó ṣe é àti Allan Cormack tí wọ́n bí ní Johannesburg ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1979. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí X-ray ni pé X-ray máa ń to òjìji gbogbo léra wọn, ṣùgbọ́n CT máa ń fi ara hàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ìgbà tí wọ́n gé búrẹ́dì. Ohun tó fara pa mọ́ sẹ́yìn egungun ìhà tàbí sẹ́yìn ọkàn ò ní ríbi sá sí.

Àwọn ẹgbẹ́ wọn

Èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jáde jù nínú èsì àyẹ̀wò ni Fleischner Society. Ọdún 1969 ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Felix Fleischner, ọ̀kan lára àwọn àgbà nínú kíka àwòrán àyà, sọ ọ́. Ẹgbẹ́ kékeré ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wúwo. Society of Thoracic Radiology bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1982, nígbà tí European Society of Thoracic Imaging bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù lọ́dún 1993. Àwọn ẹgbẹ́ káàkiri ayé tún máa ń pàdé níbi àpérò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní World Congress of Thoracic Imaging. Florence ní Ítálì ló gbà á lálejò lọ́dún 2005, Valencia ní Sípéènì lọ́dún 2009, Seoul ní Kòríà lọ́dún 2013, Boston ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2017.

Nílé níbí, àwọn radiologist ní Association of Radiologists in Nigeria, àwọn radiographer náà ní Association of Radiographers of Nigeria. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró wà nínú Nigerian Thoracic Society, ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà sì ni Pan African Thoracic Society.

Ìròyìn kìíní: X-ray ti padà sẹ́nu iṣẹ́ wíwá ikọ́ ife

Nàìjíríà ló wà lókè pátápátá nílẹ̀ Áfíríkà nínú iye àwọn tó ń kó ikọ́ ife, èyí tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí TB. Lọ́dún 2023 nìkan, àjọ WHO fojú bù ú pé èèyàn mílíọ̀nù 10.8 ló kó o káàkiri àgbáyé, ó sì pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 1. Bẹ́ẹ̀ àrùn tó ṣeé wò ni.

Ìbéèrè tí gbogbo wa mọ̀ ni pé: "Ṣé ẹ ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì?" Ìbéèrè tó dáa ni, kò sì gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀. Àmọ́ ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè fi hàn pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ikọ́ ife nínú ẹ̀dọ̀fóró ni kì í sọ pé nǹkan kan ń ṣe àwọn. Wọ́n ń lọ sọ́jà, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń wọ dánfó. Tó bá jẹ́ ikọ́ nìkan la fi ń wá wọn, a ò ní rí wọn. Àwòrán àyà lè rí àmì rẹ̀ kí ikọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọdún 1974 yí padà. X-ray tòde òní kò nílò fíìmù mọ́, àwọn kan sì wà tí èèyàn lè gbé wọ inú abúlé. Ìṣòro tó kù ni pé ta ló máa ka àwòrán? Àwọn radiologist ò pọ̀ tó, ìlú ńlá ni ọ̀pọ̀ wọn wà, àwọn míì sì ti japa. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àjọ WHO fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ní ìmọ̀ AI láti fi ṣa àwọn tó ṣeé ṣe kó ní ikọ́ ife jáde látinú X-ray, fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 15 sókè.

Àwọn nǹkan mẹ́ta wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Ìkíní, ẹ̀rọ yẹn kì í sọ pé ẹnì kan ní ikọ́ ife. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni yìí wò." Ẹ̀rọ GeneXpert tó ń yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, tí èsì rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ, ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìkejì, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ò sí nínú ìlànà yẹn. Ìkẹta, tó bá jẹ́ ikọ́ ife ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti wá, ó lè fo jẹjẹrẹ tàbí ọkàn tó ti wú. Ohun tí àwọn onímọ̀ àwòrán àyà ń tẹnu mọ́ nìyí: ẹ̀rọ lè ran radiologist lọ́wọ́, kò lè gba ipò rẹ̀.

Ìròyìn kejì: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kì í tètè fara hàn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fi ń bá ikọ́ jáde, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ti tàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé ìwádìí ńlá kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó kó èèyàn tó lé ní 53,000 tó ń mu sìgá tàbí tó ti mu ún rí jọ. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2011: iye àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa nínú àwọn tí wọ́n ń fi CT onítànṣán díẹ̀ yẹ̀ wò fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọ́n ń fi X-ray lásán yẹ̀ wò. Lọ́dún 2020, ìwádìí NELSON tí wọ́n ṣe ní Netherlands àti Belgium náà fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Láàárín àwọn ọkùnrin, ikú náà fi ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ̀lẹ́bí lókè òkun, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ọdún 2021 ní kí àwọn tó wà láàárín ọdún 50 sí 80, tí sìgá tí wọ́n ti mu tó páálí kan lójúmọ́ fún 20 ọdún, máa ṣe àyẹ̀wò CT yìí lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ṣì ń mu ún tàbí tí kò tíì pé ọdún 15 tí wọ́n jáwọ́. Ní England, ọdún 2023 ni ìjọba kéde pé àyẹ̀wò yìí máa kárí gbogbo orílẹ̀-èdè náà fún àwọn tó wà láàárín ọdún 55 sí 74 tí wọ́n ti mu sìgá rí. Bí lẹ́tà bá dé láti ọ̀dọ̀ NHS, kí wọ́n má jù ú sí kọ̀rọ̀.

Nàìjíríà ò tíì ní irú ètò ìjọba bẹ́ẹ̀ tó kárí orílẹ̀-èdè. Ìdí kan tó tún mú kó le lọ́dọ̀ wa ni pé ikọ́ ife àtijọ́ máa ń fi àpá àti kókó sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, CT á sì rí wọn bí ẹni pé jẹjẹrẹ ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí jìnnìjìnnì bò yín bí èsì bá ní "kókó kékeré" wà níbẹ̀. Ìlànà Fleischner Society tó jáde lọ́dún 2005, tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2017, sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Kókó ẹyọ kan tó le, tí kò tó mìlímítà 6, ìyẹn tó kéré ju ẹyọ àgbàdo kan lọ, kò nílò àyẹ̀wò àtúnṣe bí ẹni náà bá ti lé lọ́dún 35, tí kò ní jẹjẹrẹ rí, tí àjẹsára rẹ̀ ò sì dín kù, tí kò sì sí ohun tó lè tètè mú kó kó jẹjẹrẹ, bíi sìgá. Èyí tó bá tóbi ju ìyẹn lọ, wọ́n á dá àkókò tí wọ́n máa tún un wò. Dókítà yín ló máa sọ èyí tó kàn yín.

Ìròyìn kẹta: kí gbogbo wọn máa sọ èdè kan náà

Ní ọdún 2024, Fleischner Society tún ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ jáde lọ́dún 2008. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé lásán, àmọ́ ẹ wò ó báyìí: wọ́n ya àwòrán aláìsàn kan n'Íbàdàn, dókítà Èkó ló máa tọ́jú ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ní ìtumọ̀ méjì láàárín wọn, aláìsàn ló máa jìyà ẹ̀.

Ìgbà àrùn kòrónà ni ayé rí bí irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ṣe wúlò tó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ẹgbẹ́ yìí kan náà gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n má kàn máa ti gbogbo ẹni tí àìsàn náà ṣe díẹ̀ sínú ẹ̀rọ CT, àfi ẹni tí ara rẹ̀ bá ń burú sí i tàbí tó ní ohun tó lè mú kó burú.

Àwọn ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ sàmì sí lórí kàlẹ́ńdà

Àwọn wọ̀nyí máa ń padà wá lọ́dọọdún:

- Ọjọ́ 4 oṣù kìn-ín-ní: Ní Brazil, wọ́n ń ṣe ìrántí ọ̀nà tí Manuel de Abreu gbé kalẹ̀.
- Ọjọ́ 24 oṣù kẹta: Àyájọ́ ikọ́ ife lágbàáyé. Ọjọ́ yìí lọ́dún 1882 ni Robert Koch kéde pé òun ti rí kòkòrò tó ń fà á. Ìgbà yìí ni àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa.
- Ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún: Àyájọ́ ìgbógunti tábà.
- Ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ: Àyájọ́ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.
- Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá: Ọjọ́ ńlá tiwọn. Àwọn radiographer àti radiologist jọ ń ṣe é ní ìrántí ọjọ́ Röntgen. Ọdún 2012 ni àwọn radiologist bẹ̀rẹ̀ àyájọ́ tiwọn, ẹ̀dọ̀fóró sì ni wọ́n fi ṣe àkòrí lọ́dún 2013.
- Ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá: Àyájọ́ òtútù àyà, àrùn tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọdé.
- Ọjọ́rú kẹta nínú oṣù kọkànlá: Àyájọ́ COPD, àìsàn tí èéfín sìgá àti èéfín igi ìdáná máa ń fà, tí mímí fi máa ń nira.
- Ìparí oṣù kọkànlá wọ oṣù kejìlá: Ìpàdé RSNA nílùú Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ìwádìí tuntun ti máa ń jáde.

Ìtànṣán ńkọ́?

Ìbéèrè tẹ́ ẹ máa ń fi ránṣẹ́ jù nìyí. Ilẹ̀, òfuurufú àti oúnjẹ pàápàá ní ìtànṣán tí gbogbo wa ń gbà lójoojúmọ́. X-ray àyà kan tó nǹkan bí èyí tí ara ń gbà fún ọjọ́ mẹ́wàá. CT onítànṣán díẹ̀ tó ti oṣù mẹ́fà, CT àyà gidi sì tó ti ọdún méjì. Nítorí náà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sá fún X-ray tí dókítà bá ní kó ya, àmọ́ CT kì í ṣe ohun tí èèyàn kàn ń dá lọ ṣe fúnra ẹ̀. Aboyún, tàbí ẹni tó bá rò pé òun lè lóyún, gbọ́dọ̀ sọ kí wọ́n tó ya á. Àjọ Nigerian Nuclear Regulatory Authority ló ń fún àwọn ibi tó ń lo irú ẹ̀rọ yìí láṣẹ. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè bóyá ibi tẹ́ ẹ lọ ní ìwé àṣẹ.

Bó bá kàn yín

Bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ̀ ń làágùn lóru, tí ẹ̀ ń rù láìnídìí tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ má fi àgbo tàbí oògùn kẹ́míìsì tì í lọ. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oògùn ikọ́ ife jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ibùdó ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè iye owó X-ray kẹ́ ẹ tó ya á, torí kì í ṣe ibi gbogbo ló ti jẹ́ ọ̀fẹ́. Bí wọ́n bá ń gbé ilé ẹni tó ní ikọ́ ife, kí gbogbo ará ilé lọ ṣe àyẹ̀wò, títí kan ẹni tí kò wúkọ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ya àwòrán, ẹ bọ́ ṣéènì àti bùrùjì onírin kúrò. Kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ béèrè pé: "Ta ló máa kà á, ìgbà wo sì ni èsì máa jáde?" Ẹ gba ìwé èsì pẹ̀lú fíìmù tàbí CD. Ẹ kó wọn pa mọ́ síbi kan, kẹ́ ẹ sì gbé èyí tó ti pẹ́ dání nígbà míì tẹ́ ẹ bá ń lọ. Bí radiologist bá rí i pé kókó kan ti wà níbẹ̀ láti ọdún márùn-ún tí kò sì tóbi sí i, ọkàn gbogbo èèyàn á balẹ̀. Láìsí èyí àtijọ́, kò sí bó ṣe máa mọ̀.

Àwọn àgbà ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Àwòrán àyà ń fún wa láǹfààní láti tètè rí àrùn nígbà tó ṣì ṣeé wò. Tẹ́ ẹ bá ní fíìmù kan nílé tẹ́nì kan ò tíì kà, ẹ gbé e lọ bá dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí.